Ilé Ìkàwé Tí Ó Ń Sọ̀rọ̀: Pọ́díkáàsì ní Ilẹ̀ Kétu

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a jókòó fún wákàtí méjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá arúgbó kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ti ń fi ohùn wọn sin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ìgbà èwe. Ọ̀kan nínú wa gbé fóònù rẹ̀ ka orí àpótí, ó tẹ̀ ẹ́ kí ó máa gba ohùn, ó sì jẹ́ kí bàbá máa sọ̀rọ̀. Bàbá kọrin, ó sinmi, ó ṣàlàyé orin, ó mu omi, ó tún kọrin. Ó sọ ìdí tí wọ́n fi dá orin kan báyìí ní ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, ó sì dárúkọ àwọn tí orin náà bá wí. (Ó rí i pé ojú wa yí padà, ó sì rẹ́rìn-ín pé kí ọkàn wa balẹ̀, gbogbo wọn ti di ará ọ̀run.) A dúpẹ́, a fún un ní obì, a gbéra. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí fóònù náà fi bọ́ sínú omi. Kò sí ẹni tí ó ti ṣe ẹ̀dà ohùn náà sí ibòmíràn. Nígbà tí a ó fi padà lọ bẹ bàbá pé kí ó dákun tún un sọ fún wa, àwọn ọmọ rẹ̀ ni a bá tí wọ́n ń pàgọ́ ìsìnkú.

Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ẹ̀bi fóònù. Ohun tí a gbà sílẹ̀ náà kò ní ilé. Bí ó bá jẹ́ ìwé ni, a mọ ibi tí à bá gbé e lọ: à bá fi lé olùtọ́jú ilé ìkàwé lọ́wọ́, òun náà ì bá fún un ní nọ́ńbà, ì bá gbé e sórí pẹpẹ, ẹni tí ó bá sì wá a lẹ́yìn ogún ọdún ì bá rí i. Ṣùgbọ́n ohùn ni. Kò sí ẹni tí ó tíì sọ fún wa rí pé ilé ìkàwé lè gba ohùn wọlé bí ó ti ń gba ìwé wọlé. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa ní ìbéèrè tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí: kí ni àwọn ilé ìkàwé ilẹ̀ wa lè fi pọ́díkáàsì ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn òbí wa, nítorí púpọ̀ nínú wọn gbà pé rédíò ni. Ó jọ rédíò, ṣùgbọ́n kì í ṣe rédíò. Rédíò dà bí àgbàrá òjò: ẹni tí kò bá gbé igbá síta nígbà tí ó ń ṣàn, ó ti ṣàn kọjá lára rẹ̀. Pọ́díkáàsì dà bí ìkòkò omi ẹ̀yìn ilé, èyí tí àwa ará Kétu, tí a mọ ohun tí omi ń jẹ́ ní oṣù Kejì, kò ní ṣàì mọyì. A gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, a gé e sí ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n, a fún un ní àkọlé, a sì gbé e sí ibi tí olùgbọ́ ti lè bù ú nígbà tí ó bá wù ú, ìbáà jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ nínú káàdì mẹ́mórì. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀ lé ètò náà máa ń rí tuntun gbà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé tuntun jáde. Orúkọ náà kò pẹ́: oṣù Kejì ọdún 2004 ni akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ben Hammersley, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Guardian, nígbà tí ó so orúkọ ẹ̀rọ orin kékeré iPod mọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí títan ohùn káàkiri. Ẹ̀rọ iPod fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé. Orúkọ tí ó bí ṣì wà lẹ́nu gbogbo ayé.

Kí ni ó kan ilé ìkàwé? Ẹ wo ohun tí ó wà lórí pẹpẹ àwọn ilé ìkàwé wa. Láti ọdún 1986 ni àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn ilé ìkàwé àti àṣà tí a ń pè ní CLAC sílẹ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké Áfíríkà, ilẹ̀ Benin sì wà lára àwọn tí wọ́n jàǹfààní rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, a kò sì ní tàbùkù rẹ̀: níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìwé ìtàn tí kì í ṣe ìwé iléèwé. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo pẹpẹ. Ìyá tí ó ń ta gààrí lọ́jà, tí ó lè fi òwe mẹ́wàá parí ìjà kan, kò ní ohun tí yóò wá ṣe níbẹ̀ ju kí ó wá pe ọmọ rẹ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa pẹ̀lú ní ìṣòro tiwọn, èyí tí a kì í fẹ́ sọ síta. Wọ́n ń sọ Yorùbá láti òwúrọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbé ojú ìwé Yorùbá fún wọn, wọ́n á máa kólòlò. Iléèwé kò kọ́ wọn. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ kọ́ ara rẹ̀, yóò bá ọ̀nà méjì pàdé: ìwé tí ó ti Nàìjíríà wá ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ, ìwé tí a tẹ̀ nílé lọ́dọ̀ wa níhìn-ín sì ń lo ɛ àti ɔ gẹ́gẹ́ bí ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Benin. A ti rí ọmọ tí ó rò pé èdè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ohùn kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan láti Ìmẹ̀kọ kò ní béèrè irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́.

A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní kedere pé ilé ìkàwé ohùn kì í ṣe àlejò ní Kétu. Kí Faransé tó dé, ìlú yìí ní oyè kan fún iṣẹ́ náà: Baba Elegun, ẹni tí ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti mọ ìtàn ìlú àti ti àwọn ọba sórí láìwo ìwé kankan, kí ó sì kà á jáde nígbà tí ọba tuntun bá ń gorí ìtẹ́. Baba ń kọ́ ọmọ, ìdílé kan ni ó sì ń jogún rẹ̀. Àwọn òpìtàn tí wọ́n wá bá wa lẹ́yìn náà, bíi Geoffrey Parrinder tí ó kọ The Story of Ketu ní ọdún 1956, àti ọmọ ilẹ̀ wa gan-an, Àlùfáà Thomas Moulero, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Dàhọ̀mì àkọ́kọ́ tí a fi joyè àlùfáà Kátólíìkì ní ọdún 1928, inú kànga yìí ni wọ́n ti pọn omi.

Nígbà gbogbo tí a bá sọ̀rọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu, ẹnìkan yóò dìde láti rán wa létí ohun tí Amadou Hampâté Bâ, ọmọ Mali, sọ níwájú UNESCO ní ọdún 1960, nígbà tí ó fi ikú àgbàlagbà wé ilé ìkàwé tí iná jó. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ikú bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè sì jẹ́ ẹ̀rí fún wa. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláṣẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ohun tí a fi ń ṣí àpèjọ. Ìtàn Kétu tún ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ọdún 1886 ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì wọ ìlú yìí lẹ́yìn ìdótì, wọ́n sun ilé, wọ́n wó odi, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ìgbà tí àwọn Faransé gba Àgbómẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1892 ni àwọn tí ó kù tó rí ọ̀nà padà sílé. Ohun tí a lè fọwọ́ kàn nínú ìlú àtijọ́ kéré, bí a bá yọ ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ́nà kúrò. Síbẹ̀ orúkọ àwọn ọba kò jóná. Ẹnu ni wọ́n wà, ẹnu sì bá ẹni tí ó ni ín lọ sí oko ẹrú, ó sì bá a padà. Iná ìgbà náà pa ilé run, kò rí ìwé jó. Ní tiwa lónìí, kò sí ogun, kò sí iná. Fóònù kan bọ́ sínú omi, ó parí.

Ohun kan wà tí ìwé àwọn òpìtàn náà kò lè fún wa, bí ó ti wù kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tó. Ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé máa ń tẹ orúkọ wa láìsí àmì ohùn. Bí a ṣe kọ Baba Elegun sókè yìí gan-an ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó mọ̀ pé ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ìrìnnà àti ọ̀kọ̀ ogun jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta kan náà lójú ẹni tí kò fi àmì sí i. Ọmọ Kétu tí a bí sí Kùtọ̀nú, tí ó ń ka orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ń pe wọ́n bí àlejò ṣe ń pè wọ́n ni. Bí ilé ìkàwé bá fi ohùn ogún ìṣẹ́jú ti ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n pè ti pe orúkọ kọ̀ọ̀kan tí ó sì sọ oríkì rẹ̀, ìwé àtijọ́ náà yóò jí dìde. Irú iṣẹ́ yìí ni ó wù wá jù lọ: kí ohùn máa ṣe alábàárìn ìwé tí ó ti wà nílẹ̀.

A wá kan ibi tí ó le. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí púpọ̀ àwọn ìtàn gbà pé Kétu ni orísun rẹ̀, ni UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Benin, Nàìjíríà àti Tógò ni wọ́n jọ gbé e síwájú, a sì fi í sínú àkójọ àgbáyé ní ọdún 2008. Ẹ̀mí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà nínú alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, nígbà tí akọrin bá jáde sí gbangba ọjà tí ó sì ń fi orin bá ọba, ìjòyè, olówó àti aláìmore wí. Ó ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ sọ lọ́sàn-án. Wọn kì í bá a jà sí i, nítorí alẹ́ ọjọ́ náà ni ó fún un láṣẹ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn tí ó gbọ́ ti gbọ́.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá gba orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tí a sì gbé e síta fún gbogbo ayé? Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Obìnrin tí orin bá wí ní ọjà lálẹ́ ọjọ́ kan tí ó sì ti ṣàtúnṣe, ṣé yóò máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú fóònù àwọn ọmọ àna rẹ̀ títí ayé? Nínú ìgbìmọ̀ wa ni àríyànjiyàn yìí ti le jù. Àwọn kan nínú wa ní kí a kọ̀ ọ́ pátápátá, kí a má gba orin Ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní bí a bá kọ̀ ọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń fi fóònù gbà á lójú agbo ni yóò máa pín in láìsí àlàyé, láìsí ìtìjú.

Ibi tí a parí èrò sí nìyí, ẹ lè bá wa jiyàn. Ilé ìkàwé mọ ohun tí rédíò àti àwọn ọmọ olófòófó orí fóònù kò mọ̀: ó mọ bí a ṣe ń pa nǹkan mọ́ láì tàn án kiri. Kò sí ilé ìkàwé gidi kan tí kò ní ìwé tí a kì í gbé jáde, tí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ kà á. Kí ohùn pẹ̀lú ní irú ìpele bẹ́ẹ̀. Orin tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, tàbí tí àwọn tí ó bá wí ti kú tí ìdílé wọn sì gbà, lè di pọ́díkáàsì. Èyí tí ó kan alààyè, kí a pa á mọ́ sínú ilé, kí a kọ ọdún tí a lè ṣí i sára rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ ti awo, tí Ìyálàṣẹ bá ní kí a má fọwọ́ kàn, kí a má gbà á sílẹ̀ rárá. Ìyálàṣẹ àti akọrin ni kí a sì kọ́kọ́ tọ̀ lọ pẹ̀lú obì àti ọ̀rọ̀ tútù, kí àlàyé ibi tí ohùn yóò dé má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ fún wọn. Láti sọ fún àgbàlagbà pé a fẹ́ gba ohùn rẹ̀ "fún ìrántí" láìsọ fún un pé wọn yóò gbọ́ ọ ní Paris, ẹ̀tàn ni.

Ní ti ọ̀nà ṣíṣe rẹ̀, kò tó ohun tí a fi ń dẹ́rù bà wá. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni òrùlé páànù: òjò díẹ̀ báyìí, ohùn ti bàjẹ́; nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà iṣẹ́. Ọ̀tá kejì ni yàrá òfìfo tí ó ń dáhùn bí inú kànga. Aṣọ tí a fi kọ́ ara ògiri àti ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ yóò pa á lẹ́nu mọ́. Àárín àwọn pẹpẹ tí ìwé kún inú wọn dára gan-an fún gbígba ohùn, nítorí ìwé máa ń gbé ariwo mì. Kí fóònù wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí ẹni tí ń béèrè ọ̀rọ̀ sì kọ́ bí a ti ń dákẹ́. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣòro fún àwa jù.

Bí a bá ṣe ètò ogún ìṣẹ́jú ní ìwọ̀n tí ó tó fún ọ̀rọ̀ ẹnu, èyíinì 64 kilobit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò ní tó mégábáìtì 10. Káàdì mẹ́mórì gígábáìtì 8 yóò gba irú rẹ̀ tí ó lé ní 800. Ẹ ronú sí i: gbogbo ohun tí ilé ìkàwé kan lè ṣe ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí ó bá ń ṣe ọ̀kan lọ́sẹ̀, wà nínú ohun tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Abúlé tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé, lẹ́yìn Idigny tàbí lẹ́yìn Adakplamè, lè máa wá pààrọ̀ káàdì ní ọjọ́ ọjà bí ọmọ iléèwé ṣe ń pààrọ̀ ìwé. Ní àríwá Ghana, àjọ kan tí ó ń jẹ́ Literacy Bridge nígbà náà, tí ó ń jẹ́ Amplio nísinsìnyí, ti fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ̀rọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, ní èdè wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kékeré tí a ń pín yìí kọ́ ni a ń tọ́jú fún ọmọ ọmọ. Èyí tí a ń tọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó tí a kò fún pọ̀, ó sì wúwo: wákàtí kan rẹ̀, ní ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìpamọ́ ohùn ń béèrè, ń gba nǹkan bí ìdajì gígábáìtì. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ má sì wà nínú ìlú kan náà. Àjàṣẹ́, níbi tí Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè wà, kò jìnnà.

Pẹ̀lú ohùn kọ̀ọ̀kan, kí ìwé pélébé kan wà: ta ni ó sọ̀rọ̀, níbo, ọjọ́ wo, irú Yorùbá wo, ta ni ó gba àṣẹ, kí ni ó gbà kí a ṣe, kí ni ó ní kí a má ṣe. Olùtọ́jú ilé ìkàwé ni ó kọ́ṣẹ́ èyí. Nítorí rẹ̀ ni a fi gbà pé òun ni ó yẹ kí iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ́ kan ṣoṣo tí ó ní fóònù dáadáa tí yóò sì lọ sí Kùtọ̀nú lọ́dún tí ń bọ̀.

Àwọn olùkọ́ kan ti bi wá bóyá àwọn ọmọ kò ní pa ìwé kíkà tì. Ẹ̀rù náà kò jẹ́ tuntun, a kò sì lè sọ pé kò sí ohun tí ó ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú èyí: ẹ fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní ohùn ìyá ìyá rẹ̀, kí ẹ ní kí ó kọ ìṣẹ́jú márùn-ún péré nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Yóò lo ọ̀sán kan gbáko. Yóò béèrè bí a ti ń fi àmì sórí lẹ́tà, nítorí ó ti rí i fúnra rẹ̀ pé láìsí àmì, ìyá ìyá òun kò ní ìtumọ̀. Nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá pé ogún, tí a sì rán wọn pọ̀, ilé ìkàwé ti ní ìwé Yorùbá kan tí kò rà lọ́jà, tí ó ní Faransé lójú ewé kejì, tí orúkọ àwọn ọmọ ìlú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ètò ọ̀gbìn tí ó wà ní Kétu níhìn-ín pẹ̀lú lè ṣe tiwọn: ẹ wo iye orúkọ iṣu àti ẹ̀wà tí àwọn ìyá wa mọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ń kà.

Àwọn olùgbọ́ pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà tí ó fi Kétu sí apá kan, tí ó sì fi Ìmẹ̀kọ sí apá kejì. Ó la Ìlárá sí méjì bí ẹni la obì. Ọmọ ìyá kan náà ń ka Faransé níhìn-ín, èkejì ń ka Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, Yorùbá nìkan ni wọ́n lè fi kí ara wọn. Ìwé ìròyìn yìí kì í kọjá ibodè dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa. Ohùn yóò kọjá. Ní ìhà kejì òkun, ní ìlú Salvador ní Bràsíl, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu títí di òní, ilé òrìṣà kan sì wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Alákétu, tí ìtàn wọn sọ pé ọmọ ìdílé ọba Kétu ni ó dá a sílẹ̀. Wọ́n ti pa orin mọ́ fún ọ̀pọ̀ ìran láìgbọ́ èdè tán. Ẹ fojú inú wo bí inú wọn yóò ti dùn tó bí wọ́n bá gbọ́ ìyá kan ní ọjà Kétu tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ lásán nípa òjò àti iye owó àgbàdo.

Títí ilé ìkàwé kan yóò fi ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti inú àpótí àwọn bàbá yín. Kàsẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀: ti ìgbéyàwó, ti ìsìnkú, ti alẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan tí ẹnìkan fi rédíò alágbèéká gbà ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ẹ má fi wọ́n sínú oòrùn, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́ dán wọn wò, nítorí ó lè jẹ wọ́n. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá mọ̀ nípa wọn sára páálí, kí ẹ sì fi tó wa létí. A ti ra ẹ̀rọ kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ní ọjà àlòkù. Fóònù ọ̀hún, èyí tí ó bọ́ sínú omi, ṣì wà lọ́wọ́ wa pẹ̀lú. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Pọ́bẹ̀ ní kí a gbé e wá kí òun wò ó.